Ògbufọ̀ Tó Wá Gba Ohùn Wa

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ẹsẹ̀ tẹ Básírà ni bàbá mi ti mọ orúkọ ìlú náà. Alfa ni bàbá mi, àgbẹ̀ sì ni. Bó bá ti oko iṣu dé, tó wẹ̀, tó kírun, á jókòó sórí ẹní awọ lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa ní Ṣakí, á ṣí àwọn ìwé Lárúbáwá rẹ̀. Nínú ìwé gírámà tó máa ń kà jù, àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ Básírà àti àwọn onímọ̀ Kúfà kò lópin: àwọn ti Básírà á ní báyìí ni, àwọn ti Kúfà á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ pé òun ti rí sikọ́láṣíìpù gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì Básírà ní ilẹ̀ Ìráàkì, bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"O ń lọ sílé àwọn oníyàn. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, sọ fún wọn pé ẹ̀yìn àwọn Kúfà ni bàbá rẹ wà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó ń ra òrí lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó sì ń kó o lọ tà ní Ìsẹ́yìn, rọ òrí kún agolo fún un, ó ní kó máa fi pa ara, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un pé òtútù ilẹ̀ aṣálẹ̀ máa ń bẹ́ ènìyàn létè. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pe ìyá mi ní ìyá. "Ọ̀rẹ́ mi" ló ń pè é láti kékeré, ìyá mi náà á sì máa jẹ́ ẹ bí ẹni pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ lábẹ́ igi ọ̀dán tí kò dé etí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìráàkì àti Ìráànì tó múlé gbè é. Rédíò la ti gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá mi ń sá bátìrì sí oòrùn. Olùkọ́ ilé-kéwú kan tó máa ń wá bá bàbá mi ṣe eré ọgbọ́n fi igi fa ilẹ̀ náà fún wa sórí yanrìn. Ó fa odò kan, ó ní odò yẹn ni ààlà wọn lápá ìsàlẹ̀. Ó wá fi ìka gún ibì kan létí odò náà.

"Básírà nìyí."

Bàbá mi wo yanrìn náà títí. "Odò ni wọ́n fi ṣe ààlà?"

"Odò ni, Alfa."

"Odò tó máa ń kún, tó máa ń fà, tó máa ń yà síbi tó bá wù ú?" Ó fi ẹsẹ̀ pa àwòrán náà rẹ́. "Ọlọ́run kó ọmọ mi yọ."

Láti ọjọ́ náà, ilé wa di ilé rédíò. Ìròyìn Yorùbá láti Ìbàdàn là ń gbọ́ fúnra wa. Olùkọ́ ilé-kéwú ló ń bá wa gbọ́ ti Lárúbáwá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn alálàjà ti gbéra. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí kan kó ara wọn jọ, wọ́n wọ bàálù lọ bá àwọn ti Ìráàkì, wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ bá àwọn ti Ìráànì, wọ́n tún padà. Àgbáríjọ àwọn orílẹ̀-èdè gbogbo ayé náà rán àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, olùkọ́ ní olóòótọ́ èèyàn ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lemọ́mù gbàdúrà gígùn fún àwọn alálàjà, gbogbo mọ́sáláṣí ké àmín. Bí ìyá mi ṣe ti ibẹ̀ dé, ó fọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ó yí ẹní rẹ̀ padà.

Bàbá mi nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó bi olùkọ́ pé, "Ta ni ń ta ìbọn fún Ìráàkì?"

Olùkọ́ dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè kan.

"Fún Ìráànì ńkọ́?"

Olùkọ́ tún dárúkọ àwọn mìíràn, ó sì dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni o, òun kò débẹ̀.

"Nínú àwọn tó wọ bàálù lọ làjà," bàbá mi ní, "ṣé kò sí èyí tó ní ìbọn tà nínú wọn?"

Olùkọ́ wá bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé.

Ènìyàn lè rò pé ọkàn bàbá mi le. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń wá pè láti bá wọn parí ìjà, ohun tí ojú rẹ̀ sì ti rí nídìí ẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Abúlé méjì kan wà lọ́nà Ìgbòho tí wọ́n ń du ilẹ̀ etí odò. Wọ́n ti fi àdá ṣe ara wọn léṣe kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe òun àti àwọn àgbà kan. Wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn, wọ́n se ẹran ìgbẹ́, tọ̀tún-tòsì ń kí wọn kú ìrìnàjò. Abúlé méjèèjì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ náà títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n dìde láti lọ wo ààlà, pèrègún tó wà níbẹ̀ ti rìn. Àwọn ará abúlé kan ti hú u nígbà tí àwọn alálàjà ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n sì ti lọ gbìn ín sínú oko ẹnìkejì.

"Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣì tutù," bàbá mi máa ń sọ. "Àwa la gbà wọ́n láyè. Bí a kò bá wá làjà, wọn ì bá máa ṣọ́ ara wọn lójú méjèèjì."

Ohun tó jẹ́ kí ìfura wọlé tọ ìyá mi náà ni kásẹ́ẹ̀tì. Alájì kan tó ti Mẹ́kà dé ló mú un wá fún wa, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Ìráàkì wá ṣe hájì ló fi rán òun. A yá rẹ́kọ́dà, gbogbo agbo ilé kó jọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó kí bàbá wa, ó kí àwọn àgbà, ó ní àlàáfíà ni òun wà, oúnjẹ wà, iná mànàmáná wà, ìjọba ń tọ́jú àwọn àjèjì, kí a má ṣe gba ìròyìn gbọ́. Ó ní, "Ìyá mi, mo kí yín o." Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wúkọ́.

Àwọn ará ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Ó tẹ etí mọ́ ọn.

"Ìyá mi?" ó ní. "Ìgbà wo lo gbọ́ tó pè mí ní ìyá mi rí?"

"Bóyá ó ti dàgbà ni, Màámi."

"Ta ló ń wúkọ́?"

N kò mọ̀.

"Ẹnìkan dúró tì í," ìyá mi ní. "Ẹnìkan dúró ti ọmọ mi, ó ń sọ ohun tó máa sọ fún un."

Lẹ́yìn èyí, kò fi yàrá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́. Bí mo bá ń rán aṣọ lọ́wọ́, á wá dúró lẹ́yìn mi, á ní kí n tún lọ yá rẹ́kọ́dà wá, kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ká tún gbọ́ ibi ikọ́ yẹn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀: ìró bàtà, ìlẹ̀kùn, ẹni tó ń mí.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun alaasárì, ọkọ̀ Pijó kan tí eruku ọ̀nà ti sọ di pupa dúró níwájú ilé wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ aṣọ sáfárì aláwọ̀ eérú, ó gbé báàgì awọ kan dání. Ohùn Ìlọrin wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi dáadáa, ó wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀yin ni bàbá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Básírà?"

Bàbá mi tọ́ka sí àga. Ó ní kó jókòó, ó ní kí n bu omi fún àlejò. Ìgbà tó mumi tán ló tó ní, "Ta ló ń béèrè?"

Ọkùnrin náà ní ògbufọ̀ ni òun. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn alálàjà tó ń lọ láàrin Ìráàkì àti Ìráànì ni òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá àwọn kan nínú wọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n tún fẹ́ gbéra láìpẹ́. Wọ́n ti bẹ ẹgbẹ́ méjèèjì pé kí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró fúngbà díẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lè ti Básírà jáde, kí ọkọ̀ kó wọn gba Kúwéètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa yòókù ti gbà láti lọ.

"Ọmọ yín kọ̀, Bàbá. Ó ní òun kò lè padà wálé láìgba ìwé ẹ̀rí. Ó ní òun kò lè gba àwọn tó wá pe àwọn gbọ́, àfi bí òun bá gbọ́ láti ẹnu bàbá òun."

"O rí i?"

Ọkùnrin náà yí sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga. "N kò rí i fúnra mi. Bàgídáàdì ni èmi máa ń dúró. Ẹni tó rí i ló sọ fún mi."

"Ẹni tó rí i ló rán ọ. Ta ló rán ẹni tó rí i?"

Ọkùnrin náà fa báàgì rẹ̀ sún mọ́ra. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ rẹ́kọ́dà kékeré kan jáde. Ó ní ohun tí òun bá wá kò ju pé kí bàbá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kó pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé kó tẹ̀ lé àwọn yòókù.

Bàbá mi wo ẹ̀rọ náà bí ẹni wo ejò. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?"

"N kò gba kọ́bọ̀ o, Bàbá."

Mo rí i tí ojú bàbá mi yí padà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹni tó bá béèrè owó, òun mọ ohun tó wá wá. Ẹni tí kò béèrè ló ń ba òun lẹ́rù.

Bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tura, ọkùnrin náà ní, "Ní ìlú yìí, Bàbá, ẹ̀yìn ta ni àwọn ènìyàn wà nínú ìjà náà? Ìráàkì ni àbí Ìráànì?"

"Iṣu là ń gbìn níbí," bàbá mi ní.

"Àwọn alfa ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ ní mọ́sáláṣí?"

"Wọ́n ń sọ pé ká máa kírun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún ti ẹ̀rọ náà sún mọ́ bàbá mi. Bàbá mi dìde. Ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ sínú nǹkan kan. "Ìgbà tí alálàjà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀nà burú jù. Bí mo bá ní kó máa bọ̀, tí àdó olóró bá wọn lójú ọ̀nà, ẹnu mi ló pa á. Máa lọ, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run sìn ọ́."

Ìgbà yìí ni ìyá mi jáde. Ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìdí ìró nù ún.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn wá," ó ní.

"Ìyá wọn!" bàbá mi ké.

"Alfa, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà. Èmi ni mo bí i."

Ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí ènìyàn kúnlẹ̀ ti ààrò. Ọkùnrin náà tẹ ẹ. Ìyá mi kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí, ó kàn ń wo inú ihò kékeré tí ohùn ń wọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Èmi ni. Ara mi le. Ìwé tí o lọ gbà, a ò jẹ ẹ́, a ò mu ún. Máa bọ̀ nílé."

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà dára."

Ìyá mi gbójú sókè. "Ṣé mo mọ ọ̀nà náà ni? N kò ní sọ ohun tí n kò mọ̀ fún ọmọ mi." Ó tún kọjú sí ẹ̀rọ. "Máa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi." Ó dìde, ó wọlé.

Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀. Ó sọ orúkọ agbo ilé rẹ̀ ní Ìlọrin fún wa, ó ní bí a bá fẹ́ gbúròó, ká wá síbẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ.

Bàbá mi àti ìyá mi kò jọ jẹun fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kúnlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ọ̀sán". Rédíò ní àwọn alálàjà ti dé Bàgídáàdì, ó ní wọ́n ti lọ sí Tẹhẹránì, ó ní ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ará àdúgbò kan wá sọ fún ìyá mi pé àwọn kan wà tó ń fi ohùn ènìyàn ṣe nǹkan, pé kí ló dé tó fi gba àjèjì láyè. Ẹlòmíràn ní ọlọ́pàá inú ni ọkùnrin náà, pé wọn yóò wá mú bàbá mi láìpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ọkọ̀ tó bá dín ìrìn kù níwájú ilé wa. Oníbàárà tuntun tó bá wá dán aṣọ wò, èmi náà á máa bi í pé ta ló júwe mi fún un.

Nígbà tó yá, bàbá mi gbéra lọ sí Ìlọrin. Ó rí agbo ilé náà. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbà á dáadáa, wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún un ní fùrá, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣàpèjúwe ẹni tó ń wá, wọ́n ní kò sí ẹni tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe ń jáde, obìnrin kan sá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó bi í pé, "Bàbá, kí ni ọmọ wa ṣe tí ẹ fi ń wá a?" Wọ́n ti rò pé ìjọba ló rán bàbá mi wá! Bó ti wù kó ṣàlàyé tó, obìnrin náà kò gbà á gbọ́, ó kàn padà sílé. Bàbá mi délé, ó sọ ọ́ fún wa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn náà ń ṣọ́ra fún mi."

Inú ọyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti tún gbàjọba ní ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ akérò láti Ìsẹ́yìn ló gbé e wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o, ta lẹ ń wá?" Ó yí apá ọ̀tún orí rẹ̀ sí mi, ó ní kí n tún un sọ. Etí òsì rẹ̀ ti di, àdó olóró kan tó bú nítòsí ilé tó ń gbé ló di í. Ìgbà tó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?" ni mo figbe ta.

Ìyá mi jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn tó jẹun tán, bàbá mi béèrè ohun tí gbogbo wa ń fẹ́ béèrè.

"Ṣé ẹnìkan mú ohùn ìyá rẹ wá bá ọ?"

"Wọ́n mú un wá, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò wá nígbà náà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyá mi, ó wolẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú ẹ̀. Ó ní, 'Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà dára.' Mo rò pé wọ́n dúró tì yín ni. Mo rò pé wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ dandan, ẹ sì kọ̀. Mo ní bí ọ̀rẹ́ mi bá kọ̀ láti sọ pé ọ̀nà dára, a jẹ́ pé ọ̀nà kò dára."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àwọn tó lọ ńkọ́?" bàbá mi ní.

"Wọ́n dé Kúwéètì láyọ̀. Ọkọ̀ wọn kò tilẹ̀ fọ́ táyà. Àwọn kan nínú wọn ti gba ìwé ẹ̀rí wọn ní ibòmíràn."

Ẹ̀yìn wọn ni ìbọn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yunifásítì pa. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ títí etí rẹ̀ fi di, kí ó tó rí ọ̀nà gba Bàgídáàdì lọ sí Jọ́dáànì. Ìyá mi wá rántí kásẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́, ó béèrè ẹni tó ń wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ Ọ̀ffà kan tí àwọn jọ ń gbé yàrá ni, òtútù ló mú un.

"Kí ló dé tí o pè mí ní ìyá mi?"

"Ọmọ Ọ̀ffà yẹn gbọ́ Yorùbá. Ojú ń tì mí kó má baà gbọ́ pé mò ń pè yín ní ọ̀rẹ́ mi."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n mi lápá ibi tí etí rẹ̀ ti di, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ìfura," ó ní. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi gbọ́.

Ògbufọ̀ náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kan. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ni mo ṣì ti ń ránṣọ. Kò gbé Pijó wá, ọkọ̀ èrò ló wọ̀, sáfárì rẹ̀ sì ti ṣá. Ó ní ẹnìkan sọ fún òun pé ọmọ náà ti délé, òun ní kí òun wá kí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé. Bàbá mi gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gún iyán. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló ní, "Èwo ni òótọ́ nínú ohun tó gbé ọ wá nígbà yẹn?"

Ọkùnrin náà fọwọ́, ó fi aṣọ nù ún. "Ohun méjì ló gbé mi wá, Bàbá. Òótọ́ ni pé mo fẹ́ kí ọmọ yín jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún mi ní ọkọ̀ àti epo ní kí n máa béèrè, ní gbogbo ìlú tí mo bá dé, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń tì lẹ́yìn."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn tó ń sanwó fún mi. N kò mọ ẹni tó ń sanwó fún àwọn náà."

"Kí lo sọ fún wọn nípa mi?"

"Mo sọ fún wọn pé iṣu lẹ ń gbìn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà, mo ń rò ó pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti délé, ta ló sọ fún un. N kò béèrè. Bàbá mi kó iṣu fún un, ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Títí di òní, n kò mọ èyí tó tóbi jù nínú ohun méjì tó gbé e wá.

Nígbà tí ogun náà parí, ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkèhò, ó sì ti wálé fún ìsinmi. Àkókò iṣu tuntun ni. Mo gbé oúnjẹ lọ bá òun àti bàbá wa lóko, mo sì gbé rédíò dání nítorí wọ́n ti ń sọ láti àárọ̀ pé Ìráàkì àti Ìráànì ti gbà láti dáwọ́ ìjà dúró. Mo dé ibẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn.

Bàbá mi kò fi ọkọ́ sílẹ̀. "Ta ló ń ṣọ́ ààlà?"

"Wọ́n ní àwọn sójà láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni yóò máa ṣọ́ ọ."

"Kí wọ́n sùn síbẹ̀ o. Kí wọ́n má jẹun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gba rédíò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí etí ọ̀tún, ó jókòó sórí ebè. Ó gbọ́ ìròyìn náà tán, wọ́n gbé orin sí i, kò gbé e kúrò létí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tí kò dárúkọ fún wa rí, opó kan tó ń ṣe búrẹ́dì nínú ilé tí àwọn jọ ń gbé ní Básírà. Wọ́n ti kó àwọn ọmọkùnrin obìnrin náà lọ sójú ogun. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí rédíò bá ti ní àwọn alálàjà dé, obìnrin náà á po ìyẹ̀fun ju bó ṣe máa ń pò ó lọ, kí búrẹ́dì lè kárí bí àwọn ọmọ bá dé. Nígbà tó bá di ọ̀sán, á pín ìyókù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ṣé wọ́n dé?" mo bi í.

"N kò mọ̀. Mo ti kúrò níbẹ̀." Ó gbé rédíò náà fún mi. "Kò sí ẹni tí mo lè bi."

Bàbá mi ti dúró báyìí, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ó ní, "Kí ni orúkọ àwọn ọmọ náà?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ orúkọ wọn fún un. Bàbá mi fi ọkọ́ lélẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó fi omi inú kèrègbè ṣe àlùwàlá láàrin ebè, ó sì gbàdúrà fún wọn pẹ̀lú orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ṣe àmín. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu jọ, nítorí òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá ìlú.